Ọta Ìdíje Kọ́ Ni Ọta Ọdẹ

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. San Antonio ni mo ń gbé. Mo ra ráífù .308 Winchester lọ́dún tó kọjá, mo sì ti ra ẹ̀rọ tí mo fi ń di kátíríìjì fúnra mi. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ fún mi ní páálí ọta méjì, Sierra MatchKing tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 168 gíréènì. Wọ́n ní kò sí ọta tó ń lọ tààrà tó o. Òótọ́ ni: ní ọgọ́rùn-ún yáàdì, ihò mẹ́ta fẹnu ko ẹnu lórí pátákó. Ṣé mo lè fi pa àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní oṣù kọkànlá? Bí kò bá ṣeé ṣe, irú ọta wo ni kí n rà? Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù, ojú mi ń ṣe bàìbàì."

Àbúrò, má fi ọta yẹn pa ẹran. Ọta ìdíje ni; fi í sílẹ̀ fún pápá ìyìnbọn, ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Sierra tó ń ṣe é gan-an ti sọ ọ́ síta pé àwọn kò dábàá MatchKing fún ọdẹ ṣíṣe. Mo mọ̀ pé wàá rí àwọn tí yóò sọ fún ọ pé ogún àgbọ̀nrín làwọn ti fi pa. Wọn ò purọ́. Ohun tó bá sáà ti wọ ẹran lọ́kàn, ì báà jẹ́ ìṣó, ẹran á kú. Ìgbà tí ọta bá yà díẹ̀, tàbí tó kọ́kọ́ bá egungun apá pàdé kó tó wọ inú, ìgbà yẹn la máa ń mọ irú ọta tó wà lọ́wọ́ ẹni.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ ká pín orúkọ. Nílé, ọta ni gbogbo rẹ̀: èyí tó wà lápò, èyí tó wà nínú ìbọn, èyí tó wọ ẹran lára. Nídìí iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí, bá a bá pè wọ́n pọ̀ a ó ṣìnà. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì: èèpo ìdẹ, práímà tó ń tanná nídìí rẹ̀, ẹ̀tù inú rẹ̀, àti ọta tó jókòó sí i lẹ́nu. Ọta yìí nìkan ló ń dé ara ẹran. Àwọn mẹ́ta yòókù kàn ń sìn ín sọ́nà ni.

Wàyí, mú MatchKing rẹ kan, kí o wo orí rẹ̀. Wàá rí ihò kékeré kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí ihò yẹn, wọ́n á ní ọta ọdẹ nìyẹn, torí wọ́n ti gbọ́ pé ọta olórí-ihò máa ń là nínú ẹran. Ihò yẹn ò sí níbẹ̀ nítorí àtilà. Bí wọ́n bá ń ṣe ọta ológun, orí ẹ̀wù bàbà rẹ̀ ni wọ́n máa ń dí, wọ́n á ti òjé sí i láti ìdí, ìdí náà á sì wà ní ṣíṣí. Ti ìdíje, òdìkejì ni: ìdí ni wọ́n dí pa, òjé gba orí wọlé, wọ́n wá fún orí náà pọ̀ títí tó fi ku ihò bíńtín. Ìdí ni iná ẹ̀tù máa ń tì kẹ́yìn bí ọta bá ń jáde lẹ́nu ìbọn. Bí ìdí bá dọ́gba yípo, ọta á lọ tààrà. Ohun tó jẹ́ kí ihò mẹ́ta rẹ fẹnu ko ẹnu nìyẹn.

Tó bá wá dé ara ẹran, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó máa ṣe. Nígbà mìíràn á gún ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, ihò tó wọlé àti èyí tó jáde á rí bákan náà. Nígbà mìíràn orí rẹ̀ á ká, á fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ awọ níbi egungun apá, kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ọta méjì láti inú páálí kan náà lè hu ìwà méjì. Ọdẹ ò gbọdọ̀ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ igbó.

Ẹran kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Ọdún kẹta tí mo dé Texas ni, akọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan jáde sí wa nídìí omi ní nǹkan bí ọgọ́fà yáàdì. Ọta ìdíje ló wà nínú ìbọn mi. Mo ti lò ó ní pápá lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀lẹ ò sì jẹ́ kí n di òmíràn. Mo yìn ín sí ẹ̀yìn apá, ibi tó yẹ gan-an. Ó hó, ó sáré. Ẹ̀jẹ̀ tá a rí kò ju ìkán mẹ́rin márùn-ún lọ. A tan tọ́ọ̀ṣì wá a títí di ọ̀gànjọ́. Ọjọ́ kejì, igún ló júwe rẹ̀ fún wa. Ó ti sá ju ìdajì máìlì lọ, ẹran náà sì ti bàjẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, ọta ò jẹ̀bi, torí mi ò gbé e síbi tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ro ìṣẹ́ ro ìyà lọ́jọ́ yẹn, igún ló jẹ ẹ́.

Bàbá mi ṣọdẹ ní Òkè-Ògùn, ṣakabùlà ni tiwọn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ irú ọta rí. Wọ́n á sún mọ́ ẹran títí wọ́n á fi máa gbọ́ bó ṣe ń já ewé jẹ, wọ́n á wá yìn ín. Ohun tí wọ́n kì sínú ìbọn yẹn tóbi, ihò tó ń dá sí ẹran lára tóbi láti ilẹ̀ wá. Ọta .308 kò tó ìka ọmọdé: mìlímítà 7.8 péré ni ìbú rẹ̀. Eré ló fi ń pa ẹran, àti pé kó là nígbà tó bá wọlé. Bí kò bá là, ihò tóóró ló dá.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "èwo ló ń lọ tààrà jù?" Kí lo fẹ́ kí ọta náà ṣe nígbà tó bá débẹ̀? Bí o bá dáhùn ìyẹn, ìdajì ohun tó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ti kúrò níwájú rẹ.

Kí n kọ́kọ́ kó ti ológun kúrò nílẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ̀wù bàbà bo gbogbo orí rẹ̀. Àdéhùn ìlú Hague lọ́dún 1899 ló kọ ọta tó ń là fún ogun, lẹ́yìn ariwo tó jáde lórí àwọn ọta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní Dum Dum, nítòsí Calcutta ní Íńdíà. Láti ìgbà náà ni ọta àwọn ọmọ ogun ti jẹ́ olórí-dídí, ó sì wọ́pọ̀, owó rẹ̀ kò ga. Ó dára fún ìdánrawò. Fún àgbọ̀nrín kò dára, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ò sì gbà á láàyè rárá. Ó máa ń gún ẹran kọjá, á tún máa lọ, ìwọ ò sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn igbó.

Èyí tó ti ń bọ́ àwọn ọdẹ láti ìgbà pípẹ́ ni ọta olórí òjé. Ẹ̀wù bàbà bo ara rẹ̀, ó ku òjé díẹ̀ lórí tó yọ sóde. Bí orí yẹn bá bá ẹran, á tẹ̀, á padà sẹ́yìn, á fẹ̀ bí olú tó la. Hornady InterLock wà nínú irú èyí, Sierra náà ń ṣe GameKing àti Pro-Hunter. Owó wọn kò pa ènìyàn, àgbọ̀nrín Texas ò sì ní awọ tàbí egungun tó lè borí wọn. Tó bá jẹ́ pé àgbọ̀nrín nìkan lo fẹ́ lọ pa, mi ò ní kọ ju èyí lọ: ra 150 tàbí 165 gíréènì olórí òjé, ó tán.

Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà ní nǹkan kan lára, láti ọrùn dé ẹ̀yìn apá: awọ àti iṣan tó ti le gan-an bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, tó ń dáàbò bò ó bí akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi eyín ya á. Ọta olórí òjé tó rọ̀, tó ń sáré gan-an ní ọgbọ̀n yáàdì, lè là tán nínú ìyẹn kó tó dé inú. Òjé á ya kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀wù lọ́tọ̀, òjé lọ́tọ̀, ẹran á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe òní ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1946, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Nosler lọ ṣọdẹ ní British Columbia, Kánádà. Ó yin ẹranko moose, ìyẹn ẹran ńlá bí màlúù tó jẹ́ ẹbí àgbọ̀nrín, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì bo awọ ẹran náà. Ráífù rẹ̀ lágbára ju tìrẹ lọ, .300 H&H ni. Ọta rẹ̀ fọ́ sára ẹran, wọn ò wọlé tó. Ó padà sílé, ó sì ronú sí i. Ó wá ṣe ọta oníyàrá méjì: ògiri bàbà kan la àárín rẹ̀ kọjá, òjé wà ní iwájú, òjé wà lẹ́yìn. Ti iwájú á là, á fọ́. Ti ẹ̀yìn á dúró sílé rẹ̀, á máa wọlé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1948. Orúkọ rẹ̀ ni Partition, ó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di òní. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gé ọ̀kan sí méjì, tí mo rí ògiri yẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò ju pé ẹnì kan ò fẹ́ kí ẹran tún sá mọ́ òun lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn: wọ́n lẹ òjé mọ́ ẹ̀wù bàbà kí wọ́n má baà pín. AccuBond ti Nosler, tó jáde lọ́dún 2003, wà nínú wọn. Swift A-Frame pa méjèèjì pọ̀, ògiri àti lílẹ̀. Irú àwọn yìí ni mò ń pè ní ọta ẹlẹ́dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa pa àgbọ̀nrín láìsí wàhálà.

O máa rí èyí tí rọ́bà aláwọ̀ wà lórí rẹ̀. Rọ́bà náà ń jẹ́ kí orí ọta ṣe ṣóńṣó kí afẹ́fẹ́ má dá a dúró, tó bá sì bá ẹran, á wọ inú bí èèkàn, á la ọta náà. Nosler Ballistic Tip ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1984. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú ni pé rọ́bà kò sọ ohun tó wà nínú. Hornady ní ELD Match, ó tún ní ELD-X. Àwọn méjèèjì, rọ́bà pupa ló wà lórí wọn. Ọ̀kan fún pátákó, ọ̀kan fún ẹran. Bí o bá da wọ́n sínú ike kan náà láì kọ orúkọ sí i, o ti padà síbi tí mo wà lálẹ́ ọjọ́ igún yẹn.

Ó kù ti bàbà látòkèdélẹ̀, tí kò ní òjé kankan. Randy Brooks ti ilé iṣẹ́ Barnes ló mú X-Bullet jáde lọ́dún 1989, TSX àti TTSX sì tẹ̀ lé e. Orí rẹ̀ máa ń ya sí ewé mẹ́rin, ara tó kù á sì dúró pátá, tí o bá rí i padà, ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín. Kò sí akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó lè dá a dúró ní ọ̀nà tí òfin fi gbà ọ́ láyè láti yìn ín. Ní California, láti 1 oṣù keje ọdún 2019, òfin ti kọ òjé fún gbogbo ọdẹ, nítorí ẹyẹ condor, ìbátan igún, tó ń jẹ ìfun ẹran tí ọdẹ fi sílẹ̀, tí májèlé òjé sì ń pa á. Texas ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n dúró ná, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá ju bó ṣe kan àwọn tó ń gé ìdí ẹran nìkan lọ. Lọ́dún 2008, ìjọba North Dakota sọ fún àwọn tó ń pín oúnjẹ fún aláìní pé kí wọ́n da ẹran ìgbẹ́ lílọ̀ nù, nítorí wọ́n rí òjé wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Ọta olórí òjé máa ń fọ́n òjé kéékèèké kọjá ibi tí ojú rí, ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ yíká ojú ihò. Àwa kì í ju nǹkan nù. Fùkù, ọkàn, egungun ìhà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ìkòkò, tí ọmọ ọdún mẹ́ta á sì máa fa egungun mu. Òjé kò dára fún ọpọlọ ọmọdé. Nítorí náà, bí o bá lo olójé, gé gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí nù, má ṣojo. Fùkù tí ọta gba inú rẹ̀ kọjá, jẹ́ kó lọ. Bí ìyàwó bá lóyún tàbí àwọn ọmọ kéékèèké bá wà nílé, bàbà ni kí o rà, owó tó lé yẹn tó bẹ́ẹ̀. Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú lẹ́yìn tó o bá fọwọ́ kan ọta olójé lórí tábìlì. Má jẹ ẹ̀pà nídìí iṣẹ́ náà.

Bàbà ní ìyọnu tirẹ̀. Òjé wúwo ju bàbà lọ: bí òjé tó kún ife kan bá wọn 11.3, bàbà tó kún ife kan náà á wọn bíi 8.96. Nípa bẹ́ẹ̀, ọta bàbà 165 gíréènì gbọ́dọ̀ gùn ju olójé 165 lọ. Gígùn yẹn kan nǹkan méjì. Èkíní, ó ń gba àyè nínú èèpo, ààyè ẹ̀tù á dín kù, agbára tó ń ti ìbọn á sì ga. Má ṣe mú iye ẹ̀tù tí ìwé kọ fún olójé 165 kí o fi di bàbà 165 láé. Wá ojú ewé tí wọ́n ti kọ orúkọ ọta yẹn gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti iye tó kéré jù níbẹ̀, kí o máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Òfin yẹn kan gbogbo ọta o, bàbà ló kàn ń fìyà jẹ aláìgbọ́n kíákíá. Mi ò ní kọ iye ẹ̀tù kankan síbí fún ọ. Ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọta àti ti ẹni tó ṣe ẹ̀tù ni kí o lọ kà.

Èkejì ni ilà inú ọ̀pá ìbọn. Àwọn ilà tí wọ́n fín yíká inú ọ̀pá ló ń mú ọta yí bí òòyì. Ọta tó gùn nílò ìyípo tó yára. Wo ara ọ̀pá ìbọn rẹ, wàá rí 1:10 tàbí 1:12; ó túmọ̀ sí pé ọta yí lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì mẹ́wàá tàbí méjìlá. Bí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀, fi aṣọ fún ọ̀pá ìnuìbọn pinpin sínú rẹ̀, ṣe àmì sí i, tì í wọlé, kí o wo íǹṣì mélòó ló fi yí tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kan, Greenhill, ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1879: fi ìbú ọta sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tún fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀, kí o fi gígùn ọta pín in. Fún .308 tó gùn tó íǹṣì 1.2, ohun tó bọ́ sílẹ̀ kò pé 12 tán, ìyẹn iye íǹṣì tí ọta gbọ́dọ̀ fi yí lẹ́ẹ̀kan. Kíyè sí i pé kò mẹ́nu kan ìwúwo. Gígùn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀pá 1:10 máa gba gbogbo ohun tó o lè fẹ́ rà fún .308. Bó bá jẹ́ 1:12, má kọjá 168 olójé, tó bá sì jẹ́ bàbà, mú 130 tàbí 150, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí páálí nípa ìyípo kí o tó sanwó.

Gíréènì ọ̀hún, má jẹ́ kó kó jìnnìjìnnì bá ọ. Ẹgbẹ̀rún méje rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. 168 kò ju gíráàmù 10.9 lọ.

Ní ti jíjìn. Ọta tí wọ́n ṣe kó là ní eré tó nílò kó tó lè là. Ọ̀pọ̀ olójé ń fẹ́ kí eré wọn ṣì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lé ẹgbẹ̀rin (1,800) ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí wọ́n bá bá ẹran. Bàbà, 2,000 ni mo máa ń kà sí, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọta 165 láti inú .308 máa ń jáde ní bíi 2,700, ní igba yáàdì ó ti ku bíi 2,300, ní irínwó ó ti ń lọ sí 1,900. Ṣírò ẹ̀ fúnra rẹ. Ní igbó tí ìwọ ń lọ, àwọn igi mesquite ò ní jẹ́ kí o rí ẹran kọjá àádọ́jọ yáàdì, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọta ẹgbẹ̀rún yáàdì fún ọ. Ìdí ọta tó tẹ́jú àti èyí tí ìdí rẹ̀ fún bí ọkọ̀ ojú omi, kò sí ìyàtọ̀ tó lè kàn ọ́ níbẹ̀.

Ìbú ni mo yẹ kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló lè ṣe ọ́ léṣe. .308, .30-06, .30-30 àti .300 Winchester Magnum, ọta tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì .308 ni gbogbo wọn ń jẹ. Ti .303 British àti ti 7.62x39, èyí tí AK ń lò, fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi .311. Bí o bá rí i ní ọjà ẹ̀dínwó, tí wọ́n kọ "30 caliber" gàdàgbà sí páálí, ka nọ́ńbà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lára .30-30 náà, èyí tí wọ́n ń to kátíríìjì rẹ̀ sínú ọ̀pá gbọọrọ lábẹ́ ìbọn, ọta olórí pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, torí orí ṣóńṣó tó bá dojú kọ práímà ti iwájú rẹ̀ lè gbá a lójijì, kí gbogbo rẹ̀ bú. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ nítorí ọ̀rẹ́ tí yóò yá ọta lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ owó mi ni, báyìí ni màá ṣe ná an. Màá ra páálí kan ṣoṣo, 165 gíréènì, èyí tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, tàbí Partition. Yóò pa àgbọ̀nrín, yóò pa akọ ẹlẹ́dẹ̀, n kò sì ní máa tún awò ìbọn tò láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àádọ́ta ló sábà máa ń wà nínú páálí irú wọn, nígbà tí olórí òjé lásán máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Owó náà á dùn ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ti rí ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn rẹ fẹ́, ọta ọdẹ kò ju mẹ́wàá lọ lọ́dún. MatchKing tí ọ̀gá rẹ fún ọ ni wàá fi máa kọ́ bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fa ìbọn láìgbọ̀n. Kò ní lu ibi kan náà pẹ̀lú ti ọdẹ lórí pátákó, bí ìwúwo wọn tilẹ̀ súnmọ́ra, nítorí náà tún awò rẹ tò kí oṣù kọkànlá tó dé. Má retí ihò mẹ́ta tó fẹnu ko ẹnu lọ́dọ̀ ọta ọdẹ. Íǹṣì kan àbọ̀ ní ọgọ́rùn-ún yáàdì tó. Ibi ikú lára àgbọ̀nrín tóbi bí àwo ìjẹun.

Ohun kan tí o kò bi mí, ṣùgbọ́n tí àwọn mìíràn tó ń ka èyí gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí físà ọmọ ilé ìwé tàbí físà iṣẹ́ lo fi wà ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí o ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi àwọn kan tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó péye. Òfin yìí kò de ẹni tó ní green card. Láti 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Texas kò béèrè láísẹ́ǹsì fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ aládàáni bí onílẹ̀ bá ti gbà, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín ń béèrè rẹ̀, nítorí náà rà á láìjanpata. Àti pé iṣẹ́ tábìlì yìí, ibi tó o wà ni kó parí sí. Ní Nàìjíríà, òfin kò fún aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nílé. Má kó èèpo kan ṣoṣo sínú báàgì tó o fẹ́ gbé lọ sílé ọdún.

Lọ wo nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá ìbọn rẹ lálẹ́ òní kí o tó pàṣẹ ohunkóhun. Ra ike méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀: pupa fún pátákó, aláwọ̀ ewé fún ẹran. Kọ orúkọ ọta, orúkọ ẹ̀tù, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó o dì í sórí bébà, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí. Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá, egungun ìhà ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, má fi orí ṣe mí ní àlejò.